Ewé Ìrántí Tí Mo Lọ Wá Ní Kẹ́rálà

Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun tí àwọn ará Ọ̀kà kọ́kọ́ ń bi mí ni pé ṣé mo rí erin. Mo rí erin. Ó dúró sẹ́bàá títì nítòsí ilé ìsìn kan, ó ń jẹ imọ̀ ọ̀pẹ bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń wò ó, ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń tẹ fóònù. Ọ̀rọ̀ erin parí síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ti ewé kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, nítorí òun ló gbé mi dé Íńdíà ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì ń sọ pé ọ̀nà jìn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ìyàwó mi, Ìyá Tólú, kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìrántí rẹ̀ ló ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ènìyàn, ó kan ibi tó gbé iyọ̀ sí, ó wá kan ọ̀nà ilé. Àwọn wọ̀nyí kò dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń wá awò ojú mi kiri nígbà tó wà lójú mi. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé Yorùbá ń kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ Ìkáràmù ni. Ẹni tó bá mọ Àkókó mọ̀ pé èdè Ìkáràmù kì í ṣe ti Ọ̀kà, kì í sì í ṣe Yorùbá rárá. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, tí àwa méjèèjì jẹ́ olùkọ́ tuntun, Yorùbá ilé ìwé ni a fi fẹ́ra wa. Nígbà tí mo mú un wá sílé ní Ọ̀kà, ọdún kò tíì yípo tó fi gbọ́ èdè Ọ̀kà wa, tó sì ń fi í bá àwọn aládùúgbò jà. Èmi kò gbọ́ tirẹ̀. Bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá wá kí wa, wọn a máa sọ ọ́, wọn a máa rẹ́rìn-ín, èmi a gbé ìwé ìròyìn mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ní Àkókó bí a bá fẹ́yàwó láti ìlú tí èdè rẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sétí ibùsùn, ó wò mí, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè Ìkáràmù, ó sì ń retí èsì. Mo ní, "Ìyá Tólú, kí lo wí?" Ó tún un sọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ènìyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Nígbà tí n kò dáhùn, ó kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo Yorùbá tó kù lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń wo epo nínú àtùpà. Mo mọ̀ pé bó bá tán, inú ilé kan náà la ó wà, a ó máa jẹun pọ̀, a kò sì ní lè bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Tólú, àkọ́bí wa tó wà lókè òkun, fi ìgò kan ránṣẹ́. Hóró oògùn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò náà pé bírámì ni, ewé ìrántí àwọn ará Íńdíà láti ayébáyé, tí wọ́n sè tí wọ́n sì fún títí agbára ewé púpọ̀ fi wọ inú hóró kan ṣoṣo. Dókítà wa ní Ìkàrẹ́ yí ìgò náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, àfikún oúnjẹ ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní oògùn. Ẹ má fi í rọ́pò èyí tí mo kọ fún Màmá." Ìyá Tólú ní tirẹ̀ tu hóró náà dànù. Ó ní ohun tí kò korò tí kò sì dùn, kí ló wá ṣe lẹ́nu òun?

Mo ka ara ìgò náà dé ìsàlẹ̀, mo rí orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: Kẹ́rálà. Mo sì rántí Kúríàn. Ará Íńdíà ni, olùkọ́ ìṣirò ni pẹ̀lú wa ní Ìkàrẹ́ nígbà tí àwọn olùkọ́ Íńdíà pọ̀ ní ilé ìwé wa. Àwọn ọmọ ń bẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ju pàṣán lọ, nítorí bó bá sọ ọ́ lu ọmọ, kì í tàsé. Ó ti padà sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń kí ara wa lórí fóònù nígbà Kérésìmesì. Mo pè é, mo ka ara ìgò náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má bá ìgò sọ̀rọ̀. Wá bá àwọn tó ń sè é sọ̀rọ̀."

Nígbà tí mo sọ fún Tólú, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ mọ iye ọdún tí ẹ ti lò láyé?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo ṣe ń yára."

Ìyá Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyàwó mi, wá láti Ìkáràmù láti dúró tì í. Mo sì lọ.

Ilẹ̀ olómi

Ọkàn mi ti ya àwòrán Íńdíà bí ibi eruku àti èrò. Omi ni mo bá. Omi ní ọ̀tún, omi ní òsì, igi àgbọn tẹ orí wá sórí omi bí àwọn obìnrin tó fẹ́ wo ojú ara wọn. Ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀ bíi tiwa. Ohun tí ojú mi ń wá tí n kò rí ni àpáta. Ẹni tó bá dàgbà ní Ọ̀kà, tó jí lójoojúmọ́ tí òkè ń wò ó, bó bá dé ibi tí ilẹ̀ tẹ́ títí dé ibi tí ojú mọ, á dà bí ẹni tó gbàgbé fìlà sílé.

Kúríàn dúró dè mí ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ró aṣọ funfun mọ́dìí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ró ìró nígbà kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó pariwo láti ọ̀ọ́kán ní ohùn Ìkàrẹ́ pọ́ńbélé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà!" Gbogbo èrò yíjú wò ó. Nígbà tí a dì mọ́ra tán, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "O ti darúgbó."

Mo ní, "Ìwọ tí igi kan ń fà bí ewúrẹ́ yìí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá rẹ̀ fi bọ́.

Nílé wọn, Sárà ìyàwó rẹ̀ kò kọ́kọ́ kí mi. Ó wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Ó ní, "Ìyá Tólú mi dà?" Ìyàwó mi ló tọ́jú rẹ̀ nígbà tó bímọ ní Ìkàrẹ́ tí kò ní ìyá nítòsí. Òun ló wẹ ọmọ náà, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń pọ̀nmọ́. Mo sọ fún un bí nǹkan ṣe rí. Ó wọ inú ilé ìdáná lọ, ó pẹ́ kó tó jáde.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yẹn tí n kò lè gbàgbé. Bí wọ́n bá pàdé ènìyàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé ṣé ó ti jẹun. Ẹni tó ń ta tíì bi mí. Àlùfáà bi mí. Obìnrin arúgbó kan tí n kò rí rí, tó ń sá ata sójú oòrùn, ké sí mi láti ọgbà rẹ̀, Kúríàn sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ó ní ṣé àlejò yìí ti jẹun?" Mo ní kó sọ fún un pé mo ti jẹun. Ìyá náà wo ikùn mi, ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Kò gbà mí gbọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, wọn a padà sínú èdè wọn, èmi a sì dá wà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹbí Kúríàn a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa ta bí àgbàdo lórí iná, ẹ̀rín a bú, èmi náà a rẹ́rìn-ín nígbà tí tiwọn bá ti ń tán lọ. Mo na ọwọ́ sí ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kan láti fi ojú mi pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ ká kóńkó bí ìgbín. Mo gbé e sílẹ̀, mo káwọ́ lé orúnkún, mo sì ronú nípa igi máńgòrò ilé mi ní Ọ̀kà.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀

Lọ́jọ́ Àìkú, Sárà se oúnjẹ ńlá. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni wọ́n ti jẹ ẹ́: ìrẹsì pupa oníhóró ńlá, ẹja tí wọ́n fi àgbọn àti ata sè, ẹ̀fọ́ lóríṣiríṣi, díẹ̀díẹ̀ káàkiri ewé. Ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń jẹ ẹ́. Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ ṣíbí ti sú mi láti inú bàálù. Mo jẹun bí ọmọkùnrin tó ti oko dé, Sárà sì ń bù sí i títí mo fi fọwọ́ bo ewé.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo ká ewé náà bí mo ṣe máa ń ká ewé ẹ̀kọ nílé: mo ká a síta, kúrò lọ́dọ̀ mi, mo sì tì í síwájú.

Sárà gbé ìgò omi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kúríàn, bàbá arúgbó kan tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, wò mí pẹ̀lú àánú, ó sì bèèrè nǹkan.

Kúríàn ní, "Ó ní ta ló kú mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú."

Ó fi ìka kan ewé mi. Ó ní, "Ní ilé wa níhìn-ín, bí oúnjẹ bá dùn mọ́ni, tí a sì fẹ́ padà wá, ọ̀dọ̀ ara ẹni la ń ká ewé sí. Ilé ọ̀fọ̀ nìkan la ti ń ká a síta. Má dá wọn lóhùn, o kò mọ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, Sárà ṣí ewé náà ó sì bá mi ká a dáadáa. Ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò tán nínú mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán yẹn, mo ń bi ara mi pé kí ni mo ti ń ṣe láti òwúrọ̀ tí Ìyá Tólú ti kọjú sí ògiri. Mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ti ń sọ pé "ó fẹ́ràn ẹ̀wà tẹ́lẹ̀," "ó mọ orin kọ nígbà kan." Mo ti ká ewé rẹ̀ síta, ó sì wà láàyè, ó ń dúró de èsì.

Ìkòkò Dókítà Gírìjà

Ní ọjọ́ kejì ni Kúríàn mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sè é. Dókítà Gírìjà ló ń ṣe olórí ibẹ̀. Obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni, ó wọ sárì aláwọ̀ eérú. Ìmọ̀ ìṣègùn ewé wọn ló kọ́ ní yunifásítì, bí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nínú ilé. Ó kọ́kọ́ mú mi lọ wo ewé náà. Etí oko ìrẹsì, nínú ẹrọ̀fọ̀, ló ti ń rákò lọ, ewé rẹ̀ kéré, ó sì sanra, òdòdó rẹ̀ funfun bí ẹni pé ó ń tijú. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì nígbà èwe mi. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì wá sí mi lẹ́nu láti inú kíláàsì tí mo jókòó sí nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Dókítà Gírìjà yọ̀. Èmi kò lè yọ̀ púpọ̀. Ìrántí mi ń bẹ fún ewéko tí n kò rí rí.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ilé ìsè. Ìkòkò bàbà ńlá wà lórí iná, àwọn obìnrin ń da ewé sí i ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rò ó. Òórùn ibẹ̀ korò dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo rántí ìyá mi nídìí àdín, bí ekùrọ́ rẹpẹtẹ ṣe máa ń di òróró díẹ̀. Ibẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n tún ń sè é, títí ewé tó kún iyàrá kan fi di ohun dúdú tó ki bí oyin nísàlẹ̀ ìkòkò. Ìyẹn ni wọ́n ń gbẹ tí wọ́n ń fi ṣe hóró inú ìgò. Ó fi orí ṣíbí bù ú fún mi. Mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n ewúro ni.

Mo bi í pé, "Gbogbo èyí tó bá ooru lọ yìí, kò ha ṣòfò?"

Ó ní, "Omi ló lọ. Èyí tó jẹ́ ti ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kù."

A jókòó. Mo rò pé yóò ta ìgò fún mi, kí n máa lọ. Ìbéèrè ló gbé kalẹ̀. Báwo ni Màmá ṣe ń sùn? Kí ló ń jẹ? Ṣé inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Oògùn wo ni dókítà ilé kọ fún un? Mo ń dáhùn. Ó wá ní, "Èdè ìgbà èwe rẹ̀ tó ń sọ báyìí, kí ló ń sọ nínú rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ta ló mọ̀?"

"Àbúrò rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

Mo wo Kúríàn. Kúríàn ń wo ilẹ̀.

Dókítà Gírìjà kò fi ohùn líle sọ ọ́. Ó ní, "N kò ní parọ́ fún yín. Àwọn kan lò ó, wọ́n ní ó ran àwọn lọ́wọ́. Àwọn kan lò ó, wọn kò rí ìyàtọ̀. Ohun tó bá ti lọ, n kò rí i kí ewé yìí gbé e padà rí. Ní ilé wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òwúrọ̀ tí a bá fẹ́ kọ́ ẹsẹ tuntun sórí ni bàbá mi máa ń fún wa ní bírámì nínú wàrà gbígbóná. A ó mu ún tán, a ó la ẹnu, a ó máa kà tẹ̀lé e. Ewé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ta ló ń kọ́ nǹkan nínú ilé yín?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ bàálù. Mo gbé ìgò kékeré kan pẹ̀lú, èyí tó ki, tí wọn kò tíì sọ di hóró, pẹ̀lú ìwé tó ní kí n fi han dókítà wa kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo ń lọ, Sárà bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni a wà nígbà náà.

Ilé

Òkè Ọ̀kà yọ sí mi láti inú ọkọ̀, ojú mi sì rí ibi sinmi. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá Tólú, ẹ ti gbẹ. Ṣé wọn kì í jẹun lọ́hùn-ún ni?" Ìyàwó mi jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí, ó sì fi orí kí mi bí ènìyàn ṣe ń kí ẹni tó wá wo mítà iná.

Dókítà wa ka ìwé náà, ó ní díẹ̀ kò burú, òun yóò sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo pò ó mọ́ wàrà gbígbóná. Ìyá Tólú mu ún, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì mu ún tán. Ìkorò yẹn ló gbà fún. Ó mọ̀ pé nǹkan ni. Mo bu tèmi náà, mo mu ún, mo sì sọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀ pé kó máa kọ́ mi ní èdè wọn.

Ó ní, "Ẹ̀yin? Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ẹ ti fẹ́ ọmọ wa? Ṣé ewé yẹn ló ń gùn yín ni?"

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí omi.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láràárọ̀, lẹ́yìn wàrà. Omi, iyọ̀, ilẹ̀kùn, wá, jókòó. Ahọ́n arúgbó dà bí ilẹ̀kùn irin tó ti dípẹtà, kò fẹ́ yí. Mo máa ń gbàgbé lọ́sàn-án ohun tí mo kọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì í, Ìyá Tólú a lu tábìlì, gbà, bó ṣe máa ń lù ú ní kíláàsì rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, a sì tún un sọ títí n ó fi sọ ọ́ dáadáa. Kò mọ orúkọ mi. Ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ó sì mọ̀ pé n kò já fáfá.

Ẹ ó bi mí bóyá ewé náà ṣiṣẹ́. Dókítà ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan lára Ìyá Tólú, n kò sì bá a jiyàn. Ìyàwó mi ṣì ń wá ọ̀nà ilé nínú ilé. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jí, mo wọlé tọ̀ ọ́, mo kí i kú àárọ̀ ní èdè Ìkáràmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo bi í bó ṣe sùn. Ó dáhùn. Mo gbọ́ ìdáhùn náà, ó ní òun sùn dáadáa. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó sáré ju ohun tí mo lè lé lọ, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. N kò jáde lọ sábẹ́ máńgòrò. Mo fa àga, mo jókòó.

Mo ní, "Kí ló wí?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ nu ojú rẹ̀. "Ó ní àlejò yìí ń gbìyànjú. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ti fún un lóúnjẹ."

Mo ní, "Bá mi sọ fún un pé n kò tíì jẹun."

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Mo wá ọ̀rọ̀ náà kiri nínú orí mi, mo rí i, mo sọ ọ́. Ìyá Tólú tún apá kan rẹ̀ ṣe fún mi. Lẹ́yìn náà ó ti ẹ̀kọ rẹ̀ síwájú mi, nínú ewé, ó sì ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo ká ewé náà sọ́dọ̀ ara mi.